Ẹran Kò Gbọdọ̀ Sùn Mọ́jú: Bí A Ṣe Ń Ta Ṣàwámà ní Ìkọ̀yà

Inú kúlà ni ohun tó ń pa iṣẹ́ ṣàwámà ní ìlú kékeré máa ń wà, kì í sí lójú àtẹ. Nígbà tí oníbàárà ìkẹyìn bá ti lọ, tí o sì ti pa gáàsì, ṣí ìdérí kúlà kí o wo ohun tó kù níbẹ̀. Bí o bá bá sọ́séèjì méjì àti èérún adìẹ díẹ̀, o tajà lónìí. Bí o bá bá odidi ọ̀rá sọ́séèjì kan tó ti ń rọ̀, pẹ̀lú abọ́ adìẹ tí o ti dín láti ọ̀sán, má tíì máa ka owó àpò rẹ. Èrè rẹ ṣì wà nínú kúlà, ó sì ń bàjẹ́ lọ.

Ẹni tó fẹ́ gbé àtẹ kan kalẹ̀ ní Ìkọ̀yà tàbí ní ìlú mìíràn nílẹ̀ Ìkálẹ̀, tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò pọ̀, tí kò sì ní ṣọ́ọ̀bù, ni mo kọ orí yìí fún. Ṣàwámà ni mo mú nítorí òun ni sọ́séèjì fi ń rìn láàárín wa. Àwọn ará Amẹ́ríkà a máa ki tiwọn bọ inú búrẹ́dì gígùn, wọ́n ń pè é ní họ́ọ̀tì-dọ́ọ̀gì; àwa a máa gbé e sáàárín adìẹ àti kábéèjì, a ó wá ká gbogbo rẹ̀ sínú búrẹ́dì pẹlẹbẹ. Oníbàárà kì í béèrè bí adìẹ ṣe pọ̀ tó nínú rẹ̀. "Sọ́séèjì kan ni àbí méjì?" ni yóò bi ọ́, ìdáhùn yẹn ni yóò sì fi mọ iye tó máa yọ.

Àwọn ará Lẹ́bánọ́ọ̀nù ló gbé oúnjẹ náà dé àwọn ìlú ńlá wa. Orúkọ rẹ̀ ti inú èdè Tọ́kì wá, ohun tó sì túmọ̀ sí ni ohun tí à ń yí, nítorí lọ́dọ̀ àwọn tó ni ín, ẹran a máa dúró gbọọrọ lórí irin, a máa yí níwájú iná, wọn a sì máa fi ọ̀bẹ há a wẹ́wẹ́. Tiwa kò yí mọ́. A ń dín adìẹ nínú páànù, a ń gé sọ́séèjì sí i, a ń da bama lé e lórí. (Orúkọ ọjà ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni Bama, ṣùgbọ́n bí a ṣe ń pe gbogbo ọṣẹ ìyẹ̀fun ní Omo, bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo mayonéèsì ṣe di bama.) Adùn sọ́séèjì kì í kúkú ṣe tuntun lẹ́nu wa. Láti ọdún 1962 ni Gala ti wà lọ́jà, kò sì sí ọmọ Nàìjíríà tó rìnrìn àjò ojú títì tí kò tíì na ọwọ́ jáde láti ojú fèrèsé mọ́tò rà á.

Àwọn ìyá Ìkálẹ̀ ti mọ ọ̀rọ̀ oúnjẹ tó ń bàjẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ ṣàwámà. Wo púpurú. Wọn á bẹ ẹ̀gẹ́, wọn á rẹ ẹ́ sómi fún bí ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún títí yóò fi rọ̀, wọn á fún omi rẹ̀ dànù, wọn á mọ ọ́n ní roboto, wọn á sì gbé e sókè iná. Èéfín á kun ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, inú rẹ̀ á gbẹ. Ẹni tí kò bá tà á tán lọ́jọ́ ọjà yìí á gbé e padà sílé, á tà á lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, láìsí ìbẹ̀rù. Ẹja tó ń ti Igbókọ̀dá àti àwọn abúlé etí omi Ìlàjẹ wá náà, èéfín ló ń gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Èéfín ni fíríìjì àwọn baba wa.

Sọ́séèjì pàápàá rí èéfín kó tó kúrò nílé iṣẹ́, àmọ́ èéfín adùn lásán ni. Omi ṣì pọ̀ nínú rẹ̀, ara rẹ̀ tutù, kò sì ní dúró dè ọ́ títí di ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀. Bí o bá ti gba èyí gbọ́, gbogbo ìmọ̀ràn tó kù nínú orí yìí yóò yé ọ. Bí o kò bá gbà á gbọ́, lọ máa ta púpurú. Iṣẹ́ gidi ni, ó sì lérè.

Ibi tí ẹsẹ̀ ń gbà lálẹ́

Ìkọ̀yà, níbi tí ààfin Abodi, ọba ilẹ̀ Ìkálẹ̀, wà, kò jìnnà sí Òkìtìpupa. Àǹfààní rẹ nìyẹn, ewu rẹ sì nìyẹn. Yunifásítì Olúṣẹ́gun Àgágú wà ní Òkìtìpupa, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà níbẹ̀, àwọn tó ń ta ṣàwámà náà sì wà níbẹ̀. Má bá wọn du àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn. Àwọn tìrẹ ni àwọn ará Ìkọ̀yà tó jẹ́ pé wọ́n ní láti wọ ọ̀kadà lọ sí Òkìtìpupa kí wọ́n tó rí ṣàwámà jẹ. Ẹni tó ń san owó ọ̀kadà àlọ àti àbọ̀ nítorí oúnjẹ kan ti sọ fún ọ pé òun fẹ́ ẹ. Bí o bá gbé e dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kò ní bá ọ na ọjà títí.

Kí o tó ra ohunkóhun, wá ibi mẹ́ta tí o rò pé ó dára, kí o lọ jókòó sí ọ̀kọ̀ọ̀kan láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ títí di aago mẹ́sàn-án. Di èkùrọ́ sínú àpò ọ̀tún. Ẹnikẹ́ni tó bá kọjá tó lè ra ṣàwámà, sọ èkùrọ́ kan sí àpò òsì. Má ka ọmọdé tí wọ́n rán níṣẹ́, má ka ìyá àgbà tó ń ti ìsìn bọ̀. Ṣe é lọ́jọ́ Tuesday, ṣe é lọ́jọ́ Friday, nítorí ìlú tí o rí lọ́jọ́ Friday, nígbà tí àwọn èèyàn ti ń wọlé fún ìsìnkú ọjọ́ Saturday, kì í ṣe ìlú tí yóò máa bọ́ ọ láti ọjọ́ Monday. Ibi tí èkùrọ́ Tuesday bá ti pọ̀ jù ni kí o mú.

Iwájú ilé tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù dára, pàápàá lálẹ́ Tuesday àti Wednesday tí ìdíje Champions League bá ń lọ. Àmọ́ ọjà ibẹ̀ a máa dé lẹ́ẹ̀kan náà ni: nígbà ìsinmi àárín eré, ogún èèyàn á dúró sí ọ lórí láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, lẹ́yìn náà, ó parí. Bí ọwọ́ rẹ kò bá yá, mẹ́fà péré ni wàá tà, àwọn tó kù á padà wọlé lọ wo eré. Ẹni tó bá fẹ́ gbé àtẹ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ ti gé kábéèjì, kó ti dín adìẹ, kó sì ti to búrẹ́dì sílẹ̀ kí fèrè ìsinmi tó dún.

Ẹni tó bá ni iwájú ilé tí o fẹ́ gbé àtẹ kà, lọ kí i tọwọ́tọwọ́, kí o mú àgbà kan dání. Ẹ jọ fẹnu kò lórí owó, kí ó ṣe kedere, ì báà kéré. "Ṣáà máa lò ó, ọmọ mi" tí Bàbá onílé bá sọ ní January lè di "èló lò ń rí níbẹ̀?" ní June, nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ bá rí i pé èrò ń pọ̀.

Kẹ̀kẹ́, iná àti gáàsì

Má fi owó púpọ̀ ṣe kẹ̀kẹ́. Àpótí onígíláàsì kan tí wẹ́dà ṣe, tábìlì tó dúró ṣinṣin, agboòrùn ńlá tàbí páànù òrùlé tó bo iná àti ìwọ pa pọ̀ (òjò ilẹ̀ Ìkálẹ̀ kì í bẹ̀bẹ̀ kó tó rọ̀), garawa omi tó ní ẹnu ẹ̀rọ, àti gílóòbù tó mọ́lẹ̀ dáadáa. Bí o kò bá ní máa ti àtẹ kiri, kí ni táyà fẹ́ ṣe lábẹ́ rẹ̀? Mo ti rí ẹni tó kó ìdajì owó ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lé kẹ̀kẹ́ aláwọ̀ mẹ́ta tó ń dán yanranyanran, tó wá ń yáwó ra adìẹ.

Gáàsì ni kí o fi ara balẹ̀ fún. Gáàsì tí à ń fi dáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí ó bá ń jò, ilẹ̀ ló máa ń rọ́ sí, a rọra wọ abẹ́ tábìlì, a dúró de iná. Òórùn burúkú tí ò ń gbọ́ ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi sí i, nítorí gáàsì fúnra rẹ̀ kò ní òórùn. Jẹ́ kí sìlíńdà dúró lóòró, má dá a dùbúlẹ̀ láé, má sì tì í mọ́ abẹ́ tábìlì tí iná wà lórí rẹ̀. Gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí i, tí ọmọdé kò ti lè fi ṣeré. Nígbàkúùgbà tí o bá pààrọ̀ rẹ̀, po ọṣẹ mọ́ omi kí ó hó, fi kànìnkànìn kun ojú ibi tí ọ́ọ̀sì ti wọ rẹgulétọ̀. Bí ó bá ń yọ ìfófòó, ó ń jò. Má fi ìṣáná wò ó. Mo mọ̀ pé o ti rí ẹni tó fi ìṣáná wò ó tí nǹkan kan kò ṣe é. Béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ṣe.

Ní ìparí iṣẹ́, orí sìlíńdà ni kí o ti kọ́kọ́ pa á, kí iná jó èyí tó kù nínú ọ́ọ̀sì tán, kí o tó wá pa ojú àdògán.

Ríra ẹran, àti bí yóò ṣe tutù

Àwọn ìyá wa tó kọ́kọ́ pe ẹja inú yìnyín ní òkú Èkó kò ṣe àwàdà. Òkú ni, ọ̀nà jíjìn ló sì ti wá. Sọ́séèjì àti adìẹ inú yìnyín náà, ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti ń bọ̀ kí wọ́n tó dé kóòdù-rúùmù tí o ti máa rà wọ́n, iye ìgbà tí wọ́n ti yọ́ tí wọ́n sì tún dì lójú ọ̀nà kò hàn lára rìsíìtì.

Owó ni mo fi kọ́ èyí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mi, mo lọ sí kóòdù-rúùmù kan tí owó ọ̀rá sọ́séèjì rẹ̀ fi díẹ̀ dín sí ti ibòmíràn. Mo ra mẹ́fà, inú mi dùn. Nígbà tí mo dé ilé, mo ṣàkíyèsí pé àwọn sọ́séèjì náà ti tẹ̀ kọrọdọ, wọ́n lẹ̀ mọ́ ara wọn bí àbẹ́là tí oòrùn yọ́, yìnyín funfun bí èérún iyọ̀ sì kún inú ọ̀rá. Mo rí i, mo sì sọ fún ara mi pé kò ṣe nǹkan kan, iná á jó o. Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, ẹ̀gbọ́n kan tó máa ń rà lọ́wọ́ mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ gé ṣàwámà jẹ lẹ́ẹ̀kan. Ó dúró. Ó rọra ká ìwé padà bo ẹnu ibi tó gé jẹ, ó gbé e sórí tábìlì mi jẹ́jẹ́, ó ní, "Àbúrò, mi ò ní lè jẹ ẹ́ tán." Kò bínú, kò béèrè owó. Oṣù méjì kọjá kí n tó tún rí i. Ì bá dára kó ti pariwo lé mi lórí.

Nítorí náà, fi ọwọ́ tẹ ọ̀rá wò kí o tó sanwó. Sọ́séèjì tó dára a máa le gbọnyin, a máa nà gbọọrọ, ẹyọ kọ̀ọ̀kan a sì máa dá dúró. Bí yìnyín bá pọ̀ nínú ọ̀rá, ó ti yọ́ rí. Wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, wo nọ́ńbà NAFDAC, kí o sì wo inú fírísà tí wọ́n ti mú un jáde: bí omi bá ń ṣàn nísàlẹ̀ rẹ̀, lọ síbòmíràn. Béèrè ìgbà tí ọjà tuntun máa ń wọlé. Ọjọ́ yẹn ni kí o máa lọ.

Wá gbọ́ èyí tó ṣòro jù. Ọ̀pọ̀ ìlú ní gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó lo ọdún tó ju mẹ́wàá lọ láìrí iná ìjọba, o sì mọ bí iná ṣe ń ṣe ní àdúgbò rẹ jù mí lọ. Jẹnẹrétọ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ ń ronú kàn. Ṣùgbọ́n láti ìparí May 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí lítà epo bẹntiróò kan tí kò tó ₦200 fò kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹni tó ń fi jẹnẹrétọ̀ mú sọ́séèjì ogún tutù ń ṣiṣẹ́ fún ilé epo ni. Má ra fírísà lọ́dún àkọ́kọ́. Kúlà tó nípọn dáadáa ni kí o rà, kí o sì máa ra yìnyín lójoojúmọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń dì í tà. Ra ẹran ọjọ́ kan fún ọjọ́ kan. Bí ọ̀nà bá jìn sí ibi tí o ti ń rà á, bá oníkóòdù-rúùmù ṣe àdéhùn kí ó máa bá ọ tọ́jú rẹ̀ sínú fírísà tirẹ̀, kí o máa mú u díẹ̀díẹ̀. Gbogbo wàhálà iná tí ò ń sá fún, ó ti ń bá a jà tẹ́lẹ̀. Jẹ́ kó bá ọ jà á.

Yìnyín inú kúlà máa pẹ́ bí o bá kún un. Po iyọ̀ mọ́ omi, rọ ọ́ sínú ìgò oníke, má jẹ́ kó kún dé ẹnu, kí o sì sọ fún ẹni tó ń dì yìnyín pé kó bá ọ dì í: omi iyọ̀ tó dì a máa tutù ju yìnyín lásán lọ. Tò wọ́n sísàlẹ̀, gbé ẹran lé e, tún to òmíràn sókè. Sọ́séèjì tí ò ń lò lọ́wọ́ wà nínú kúlà kékeré, èyí tó kù wà nínú ńlá, a kì í sì í ṣí ńlá ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lálẹ́ kan. Bí o bá padà wá ra fírísà lọ́jọ́ iwájú, rántí pé èyí tó kún fọ́fọ́ lè gbé òtútù rẹ̀ dúró fún bíi wákàtí 48 lẹ́yìn tí iná bá lọ, bí o kò bá ṣí i. Èyí tó dé ìdajì, bíi wákàtí 24. Kún àyè tó ṣófo pẹ̀lú ìgò omi.

Kòkòrò àìfojúrí tó ń ba ẹran jẹ́ fẹ́ràn ibi tí kò tutù tí kò sì gbóná. Láti bíi ìwọ̀n 5 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì títí dé 60, ààyè ayọ̀ wọn nìyẹn, ìrọ̀lẹ́ Ìkọ̀yà sì wà láàárín rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹran tó bá ti wà níta fún wákàtí méjì, bí oòrùn bá mú gan-an, wákàtí kan, kò yẹ ní títà mọ́. Adìẹ gbọ́dọ̀ jinná dé inú, ìwọ̀n 74, kí omi ara rẹ̀ má sì pọ́n mọ́. Sọ́séèjì ti jinná láti ilé iṣẹ́, òun ló fi jẹ́ pé àwọn kan ń gé e tútù sínú ṣàwámà. Má ṣe bẹ́ẹ̀. Dín in títí ooru á fi máa rú lára rẹ̀. Kòkòrò kan wà tó lè dàgbà nínú òtútù fíríìjì, aláboyún ló sì léwu fún jù.

Ìṣirò tí o kò gbọdọ̀ sá fún

Owó ọjà ń yí bí ojú ọjọ́, nítorí náà iye tí mo fẹ́ kọ yìí, àpẹẹrẹ ni. Pa á rẹ́, kọ tìrẹ sí i ní ọjọ́ tí o bá kà á. Ká sọ pé búrẹ́dì jẹ́ ₦250, sọ́séèjì méjì ₦300, adìẹ ₦500, kábéèjì àti kárọ́ọ̀tì ₦150, bama àti kẹ́ṣọ́ọ̀pù ₦250, gáàsì ₦100, ìwé àti ọ̀rá ₦80. Ṣàwámà kan ti jẹ ₦1,630 kí o tó fọwọ́ kan tìrẹ. Bí o bá tà á ní ₦2,500, ₦870 ló kù.

₦870 yẹn kò tíì di èrè. Owó ilẹ̀ ₦500 lóòjọ́, ọmọ tó ń ràn ọ́ lọ́wọ́ ₦3,000, yìnyín ₦1,000, iná ₦1,200: ₦5,700, bóyá òjò rọ̀, bóyá kò rọ̀. Ṣàwámà méje gbọ́dọ̀ kúrò lórí tábìlì kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ fún ara rẹ. Bí o bá ta ogún, ₦11,700 ni yóò kù.

Wá fi kúlà sí ìṣirò náà. O ti dín adìẹ, o ti gé sọ́séèjì fún ṣàwámà márùn-ún tí ẹnikẹ́ni kò rà. ₦800 lọ́nà márùn-ún, ₦4,000 ti ṣòfò. ₦11,700 ti di ₦7,700, èrè bíi ṣàwámà márùn-ún tí o ti fi òógùn tà sì ti lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí ó tán ju kí ó kù lọ. Àwọn kan á ní kí o jáwó lé e nígbà tí alẹ́ bá ti lẹ́. Ṣe é lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, kò burú. Ṣe é fún ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo Ìkọ̀yà á ti mọ̀ pé tìrẹ máa ń dín owó lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, wọn á sì jókòó sílé dúró de aago mẹ́sàn-án ààbọ̀. Ẹni tó bá dé tó bá a pé ó ti tán, á kùn díẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́la á tètè dé.

Àwọn tó mọ ìtàn họ́ọ̀tì-dọ́ọ̀gì á ní Nathan Handwerker ló là. Òótọ́ ni. Ní ọdún 1916, ọmọ Pólándì yìí yá 300 dọ́là, ó ṣí ibi kékeré kan sí Coney Island ní New York, ó ń ta sọ́séèjì nínú búrẹ́dì ní sẹ́ǹtì 5 nígbà tí Feltman, ibi tó ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ń tà á ní 10. Ó là nítorí pé etíkun ni, èrò ń wọ́ tìrítìrí wá síbẹ̀ lójoojúmọ́ ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tó ní irú èrò bẹ́ẹ̀ lè jẹ èrè tín-tìn-tín lórí ẹyọ kan. Ìwọ kò ní wọn. Ní ìlú tí ogún èèyàn ti ń ra ṣàwámà lálẹ́, má ta ní owó pọ́ọ́kú. Ta á ní owó tó tọ́, kí ó dùn, kí ó sì máa rí bákan náà lójoojúmọ́.

Àwìn ńkọ́? O kò lè kọ àkọlé "kò sí àwìn lónìí" kí o sì fi bẹ́ẹ̀ bọ́ ní ìlú tí ìdajì àwọn tó ń kọjá ti jẹ́ ìbátan rẹ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ á dé, á rẹ́rìn-ín, á ní "Màmá ní kí n wá gba ọ̀kan." Ohun tí mo ṣe ni pé mo ya ṣàwámà méjì sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ kan fún ẹbí, mo kà á mọ́ ìnáwó bí mo ṣe ka yìnyín. Bí méjì náà bá ti lọ, mo ti lè wo ojú ẹnikẹ́ni kí n sì sọ pé ti ọ̀sẹ̀ yìí ti tán. Kò sí ẹni tó bínú títí.

Ọwọ́, owó, àti wolé-wolé

Ọwọ́ tó ń gba owó kò gbọdọ̀ kan oúnjẹ. Bí ẹ bá jẹ́ méjì, ọmọ iṣẹ́ gba owó, ìwọ ká ṣàwámà. Bí o bá dá wà, gbé igbá kan síwájú kí oníbàárà máa sọ owó sínú rẹ̀ fúnra rẹ̀, kó sì mú ṣéńjì níbẹ̀; inú àwọn èèyàn dùn sí i ju bí o ti rò lọ, nítorí wọ́n ti rí i pé o kò fọwọ́ kàn án. Ọ̀bẹ adìẹ tútù àti pátákó rẹ̀ wà lọ́tọ̀, ti kábéèjì wà lọ́tọ̀. Kábéèjì kò ní rí iná, nítorí náà ohun tó bá wà lára rẹ̀ ni ẹni tó rà á máa jẹ. Ya á ní ewé-ewé, fi omi tó mọ́ ṣàn án dáadáa, má kan rì í sínú abọ́ omi kan náà láti àárọ̀ dalẹ́.

Bí wọ́n bá fi owó ránṣẹ́ láti orí fóònù, má wo fóònù oníbàárà. Ṣí áàpù báńkì tìrẹ, wò ó bóyá owó ti wọlé. Álẹ́ẹ̀tì irọ́ pọ̀, ẹni tó sì fẹ́ fi jà ọ́ lólè a máa wá nígbà tí èrò bá pọ̀ jù. Sọ fún un pẹ̀lú ẹ̀rín: "Bọ̀dá, ẹ jẹ́ kó wọlé, mo ti ń ká a fún yín."

Wolé-wolé á wá bẹ̀ ọ́ wò. Má sá fún un, má sì kà á sí ọ̀tá. Lọ ṣe àyẹ̀wò ara tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tó ń ta oúnjẹ, kí ìwé rẹ̀ wà nínú ọ̀rá lórí àtẹ, ní ibi tí òjò kò ní dé. Owó ṣọ́ọ̀bù àti àtẹ wà lára owó tí òfin ọdún 1998 gbà kí ìjọba ìbílẹ̀ máa gbà, nítorí náà lọ sí ilé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa fúnra rẹ, béèrè iye rẹ̀, san án, gba rìsíìtì. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnikẹ́ni tó bá dé lálẹ́ tó ní òun wá gba owó, rìsíìtì ni kí o na sí i.

Bí o ṣe máa pa àtẹ dé

Fi ìwé kékeré kan sínú àpò. Kí o tó fọ páànù, kí o tó ti àpótí, ṣí kúlà, ka ohun tó kù. Sọ́séèjì tó ti yọ́ kò tún padà sínú yìnyín. Dín in fún ọmọ iṣẹ́ rẹ, kí ó fi jẹ búrẹ́dì kó tó lọ sílé. Adìẹ tó ti wà níta láti ìrọ̀lẹ́, dà á nù, má ṣe fún ajá ẹlòmíràn. Kọ iye rẹ̀, kọ ọjọ́, kọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn oṣù méjì, ìwé yẹn á sọ fún ọ pé ẹran mẹ́wàá ló tó fún ọjọ́ Monday, pé méjìdínlógún kò tó fún Friday tí wọ́n bá ń sìnkú, pé bí owó iléèwé bá ti ń bọ̀ ní September, kí o dín in kù, pé láti ogúnjọ́ December tí àwọn ọmọ Ìkọ̀yà bá ń ti Èkó dé, kí o má sùn.

Èyí ni ojú ìwé kan láti inú tèmi: *Tuesday. Òjò, aago méje sí mẹ́jọ. Mọ́kànlá ni mo tà. Sọ́séèjì méjì ló kù, ọmọ jẹ ẹ́. Yìnyín ṣì kù díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yẹn padà wá, ó ra méjì.*